Ọmọńlé Pa Sáfà Kan, Èmi Pa Ìkejì

Òórùn ẹran sísun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Àlájà ti ṣáájú mi dé ibi iṣẹ́. Wọ́n ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lápá, wọ́n ń fi imú tọpa òórùn náà kiri.

"Àbúrò, ta ló ń sun ẹran níbí láàárọ̀ kùtùkùtù?"

Mo ní n kò mọ̀. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́dẹ wa, nítorí ó fẹ́ràn àtimáa dáná sẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ, òórùn náà rọ́ lù mí lójú. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló máa ń kùn bí oyin nínú yàrá yẹn. Lọ́jọ́ náà, méjì ló ń kùn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibi tí a wà. Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kan ni, ní Bódìjà Àtijọ́, igi máńgòrò méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òrùlé rẹ̀ tán. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí. Bàbá tó ni ilé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn kò ní lọ sọ́run láìkọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá jọ sínú ìwé kan: ọ̀rọ̀ ẹnu alágbẹ̀dẹ, ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ti ahunṣọ, ti apẹja. Wọ́n á fi rédíò agbohùnsílẹ̀ rán èèyàn lọ sétí omi Ẹlẹ́yẹlé, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja orúkọ okùn tó yí àwọ̀n ká, orúkọ òjé tó ń fà á wọlẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún ojú àwọ̀n tó já ṣe. Wọ́n á gbé ohùn náà wá sí Bódìjà, Àlájà àti obìnrin méjì mìíràn á máa gbọ́ ọ, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn.

Àlájà ni ọ̀gá àwọn tó ń tẹ̀wé. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n ti lo ìdajì ayé wọn nídìí táìpù ìjọba ní Sẹkitéríàtì kí wọ́n tó wá bá wa. Ìka wọn kì í ṣi bọ́tìnnì. Bí àmì ohùn kan bá rú wọn lójú, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á ní kí a tún téèpù yẹn gbọ́, ìbáà jẹ́ ìgbà mẹ́wàá.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀, inú àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí mo wí yẹn ló ń lọ. Sáfà là ń pè wọ́n. Sáfà kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń jókòó tì; òun ló ń tọ́jú iṣẹ́ tí àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bá ṣe. Yunifásítì kan lókè òkun ló fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ta Bàbá lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ra tuntun. Wọ́n ga dé ìgbáròkó mi, wọ́n sì wúwo bí òkúta. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ni pé a ti so wọ́n pọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá mọ̀, àwọn méjì yòókù ti mọ̀ ọ́n kí o tó ṣẹ́jú. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn méjì á gba ẹrù rẹ̀, ẹni tó wà ní pálọ̀ kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ibi tí a gbé wọn sí la fi ń pè wọ́n: Ti Ojú Fèrèsé, Ti Àárín, Ti Ẹnu Ọ̀nà.

Èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Àkúrẹ́ ni mo ti wá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, mo gba yàrá kan ní Àgbọ̀wọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnjiníà tó so àwọn sáfà náà pọ̀ ti bá ti ẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ìwé kékeré kan ló fi sílẹ̀ fún mi, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àti gbólóhùn kan ṣoṣo: "Má bẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n máa bọ̀wọ̀ fún wọn." Ìbẹ̀rù kò sí lára mi rárá. Ọ̀wọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Ti Ojú Fèrèsé ló dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Mo tú súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ páànù rẹ̀, mo sì rí ẹni tó jóná níbẹ̀. Ọmọńlé ni. Ó na ara rẹ̀ sórí àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ iwájú wà níhìn-ín, ìrù wà lọ́hùn-ún, iná sì ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó gbẹ bí ẹja panla. Lábẹ́ rẹ̀, ẹyin funfun kéékèèké méjì wà níbi tí kò jóná.

Àlájà bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí.

"Abiyamọ ni. Ibi tó móoru ló ń wá fún ọmọ rẹ̀."

"Ẹ̀yin ń káàánú ẹ̀, Àlájà? Ẹ wo ohun tó fojú ẹ̀ rí."

"Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ ò ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yé ẹyin."

Kì í ṣe àpótí iná nìkan ló lọ. Ó mú dísíìkì inú ẹ̀rọ náà dání, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí gbogbo iṣẹ́ wà lójú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá dé, mo ṣàlàyé fún wọn. Bàbá gbọ́ títí, wọ́n wá yọjú sí pálọ̀, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀wé lọ ní tiwọn.

"Ṣé iṣẹ́ kankan sọnù?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé iṣẹ́ dúró?"

"Kò dúró, Bàbá. Ṣùgbọ́n méjì ló kù. Bí ọ̀kan bá tún lọ nínú méjì yìí, wàhálà ni."

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn. "Nígbà náà, tètè bá mi wá ìkẹta padà. Kí o sì jẹ́ kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yẹn."

Wíwá dísíìkì irú rẹ̀ ní Ìbàdàn kì í ṣe eré. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dé Ring Road, ẹnì kan ní irú ẹ̀rọ yẹn ti kọjá àkókò, kí n sọ fún ọ̀gá mi kí ó ra tuntun. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní Ṣàngó, ti ọkùnrin kan tó máa ń ra òkú ẹ̀rọ àwọn ọ́fíìsì, tó ń tú wọn, tó sì ń ta ẹ̀yà ara wọn.

Mo bá ọkùnrin náà níbi tó jókòó lórí àpótí irin kan, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ti tó ọmọ ọdún márùnlélọ́gbọ̀n dáadáa. Bó ṣe la ẹnu báyìí ni mo ti mọ̀ pé ará Èkìtì ni, inú mi sì dùn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ilé wa.

Mo fi dísíìkì tó jóná hàn án. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ló wọ inú èyí, Àǹtí?"

"Ọmọńlé."

Ó rẹ́rìn-ín tí ẹ̀pà fi pá a lórí. Nígbà tó dákẹ́, ó dìde dúró, ó na ìka sí àpótí irin tó ti fi ṣe ìjókòó.

"Irú ẹ̀ ló wà nínú àga mi yìí. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ rí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?"

Mo sọ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀rọ mẹ́ta ti ń ṣe bí ẹyọ kan, ó fi ẹ̀pà sílẹ̀.

"Ẹ ní tí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ á ṣì máa lọ?"

"Ó ń lọ báyìí tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín."

"Mo gbọ́ ọ rí, mi ò gbà á gbọ́. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Bí a ṣe wọ takisí nìyẹn. Ó gbé dísíìkì lé itan bí ọmọ tuntun, ó sì ń bẹ dírẹ́bà pé kó rọra ṣe ní gbogbo kòtò láti Sámọńdà títí dé Bódìjà.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa mọ́. Ní ọjọ́rú, a ti wẹ inú ẹ̀rọ náà mọ́, a ti fi àpótí iná mìíràn àti dísíìkì sí i, mo sì ti ń fi téèpù, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà, kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ mọ̀ kó tó lè pe ara rẹ̀ ní ẹ̀rọ. Àwọn téèpù náà kì í yára. Ọkùnrin náà jókòó tì mí, ó ń bi mí ní ìbéèrè, èmi náà ń dáhùn, mo sì ń fẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó tíì fi irú ìyanu bẹ́ẹ̀ wo iṣẹ́ mi rí. Àwọn obìnrin inú pálọ̀ gbà pé ara iná mànàmáná ni mí: wọn kì í rántí mi àfi tí nǹkan bá kú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ohun tó bà mí jẹ́ ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ẹ̀rọ tuntun náà wọ àárín ẹgbẹ́, kí Ti Àárín sì da gbogbo ohun tó mọ̀ sí i lórí. Ìwé ẹnjiníà sọ bí a ó ti ṣe é ní ìlà kan péré: dà á láti Kejì sí Kẹta. Kejì ni orúkọ tí àwọn ẹ̀rọ ń pe Ti Àárín láàárín ara wọn, Kẹta ni Ti Ojú Fèrèsé.

Ohun tí n kò rántí ni pé, nígbà tí mò ń nu eruku ẹ̀yìn wọn lọ́jọ́rú, mo ti yọ wáyà méjì, mo sì ti fi ọ̀kan sí ojú ihò èkejì. Ibi tí wáyà bá wọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ nọ́ńbà rẹ̀. Kejì ti di òfìfo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Kẹta ló wá di Ti Àárín, tí iṣẹ́ ọdún mẹ́fà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò kúkú tàn mí. Ó bi mí léèrè kí ó tó ṣe é. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ gbàgàdà pé gbogbo ohun tó wà lójú Kẹta ni yóò parẹ́, ṣé ó dá mi lójú? Ká ní mo fi ìṣẹ́jú kan wo ẹ̀yìn wọn ni, ǹ bá rí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Ṣàngó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì fẹ́ kí ó rí i bí ọwọ́ mi ti yá tó. Mo ní, "Ẹ máa wò ó báyìí." Mo tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni'.

Iná kékeré iwájú Ti Àárín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú kíákíá, kíákíá, bí ẹni tí kantíkantí wọ̀ lójú. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí ohùn Àlájà fi ti pálọ̀ wá.

"Àbúrò! Àwọn alágbẹ̀dẹ mi dà?"

"Ẹ ní kí ni, Àlájà?"

"Mo pe ojú ewé ewìrì, ó ní kò sí. Mo pe ti òòlù, ó ní kò sí. Ọmọ owú náà kò sí! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yòókù ké pé tòun náà ti ń lọ. Ìgbà náà ni mo tó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, tí mo rí wáyà méjèèjì tí wọ́n gba ilé ara wọn. Ti Àárín kò kúkú ṣubú kí àwọn yòókù lè gba ẹrù rẹ̀; ó ṣì ń dá pálọ̀ lóhùn bó ti ń ṣófo lọ. N kò mọ ìgbà tí mo fa pílọ́ọ̀gì Ti Àárín yọ lára ògiri. Iná rẹ̀ kú. Gbogbo kọ̀ǹpútà inú pálọ̀ sì dúró gbọnin, bí ẹni pé ẹnì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n má mira.

Ọkùnrin Ṣàngó na ìka sí Ti Ẹnu Ọ̀nà. "Èyí ṣáà wà láàyè. Kí ló dé tí òun náà fi dákẹ́?"

Mo mọ ìdí rẹ̀. Òfin tiwọn nìyẹn. Bí wọn kò bá ti pé méjì, èyí tó kù kò ní ṣiṣẹ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ méjì tó pàdánù ara wọn má baà máa dá iṣẹ́ ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ohun tí wọ́n mọ̀ má baà takora nígbà tí wọ́n bá tún pàdé.

Mo tọ́jú ìwé ẹnjiníà sínú àpò mi láìnídìí, mo tún yọ ọ́ jáde. Ká má parọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni gáréèjì Ìwó Road. Mo ti rí ara mi nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí mò ń fi gèlè bojú.

Ọkùnrin náà gbé àga fún mi. "Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yọ̀, tó tún sáré dìde, ó tún máa ń ṣubú ni." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wọ̀ mí lára jù: "Èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ máà bínú."

Mo ní kì í ṣe òun. Mo dìde, mo lọ bá Bàbá nínú yàrá ìkàwé wọn.

Ọsàn ni wọ́n ń bó lórí ìwé ìròyìn. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo ti pa ìkejì."

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn náà. "Ìwọ tàbí ọmọńlé?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ṣi wáyà fi sí i, mo sì tẹ bọ́tìnnì láì wò ó."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n kò fọhùn."

Mo rò pé wọ́n á jágbe mọ́ mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n jágbe. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ìdajì ọsàn náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dìde jókòó.

"Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́," Bàbá ní, "mo fi oṣù mẹ́rin jókòó ti alágbẹ̀dẹ kan. Gbogbo ohun tó sọ ni mo kọ sórí páálí kéékèèké, mo kó wọn sínú páálí ńlá kan, mo gbé e sórí ọkọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀, mo gbé àpò aṣọ mi, mo gbàgbé páálí. Ọkọ̀ lọ. Mo sunkún lójú títì bí ọmọdé."

"Ẹ wá ṣe báwo, Bàbá?"

"Mo padà lọ bá bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un. Ó wò mí, ó ní, 'Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, n kò tíì mọ̀ ọ́, díẹ̀ ni mo sọ fún ọ.'"

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Bàbá jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán.

"Ṣùgbọ́n bàbá náà ti kú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn wà nínú ẹ̀rọ yẹn náà ti lọ. Nítorí náà, ìwọ àti èmi, a ò ní kánjú mọ́ lónìí. Pe Àlájà wá fún mi."

Àṣẹ tí Bàbá pa kò ju ẹyọ kan lọ. N kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì kankan mọ́ nínú yàrá yẹn láìkọ́kọ́ kà á sókè fún Àlájà, kí Àlájà sì dá mi lóhùn.

"Èmi tí mi ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀?" Àlájà ní.

"Ìdí nìyẹn," Bàbá ní. "Ohun tí kò bá yé yín, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́."

Àlájà gbé àga wọn wọlé, wọ́n wọ súwẹ́tà nítorí òtútù ẹ́síì yàrá ẹ̀rọ, wọ́n ṣí ìwé ẹnjiníà sórí itan, bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a sọ fún Ti Ẹnu Ọ̀nà pé òun nìkan tó, kí ó má retí ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ àṣẹ náà sókè. Àlájà ní kí n tún un kà. Wọ́n fi ìka tọ ọ́ nínú ìwé.

"Ibo ni ó ti sọ pé kò ní pa èyí tó kù yìí náà?"

Mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ní ó yé àwọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin Ṣàngó ń mí lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin inú pálọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àlájà sáré jáde. Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń kà á láti ibi tí mo wà, ohùn wọn ń gòkè sí i:

"Ewìrì wà! Òòlù wà! Ọmọ owú, ó wà! Alhamdulilahi!"

A kò fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àfi pé a da gbogbo iṣẹ́ inú Ti Ẹnu Ọ̀nà sórí téèpù, kí ẹ̀dà kan lè wà tí kò sí lára wáyà kankan. Ó gba wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Bàbá fẹ́ràn kí èèyàn má jókòó lásán, wọ́n wá gbé rédíò agbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ níwájú ọkùnrin Ṣàngó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè.

"Lọ́dọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí lẹ ń pe àpótí tó ń pín iná yìí?"

Ojú ń ti ọkùnrin náà. "Àwàdà la fi ń ṣe o, Bàbá. Ìdáná la máa ń pè é."

"Dísíìkì ńkọ́?"

"Iyè."

"Bí iyè bá bàjẹ́?"

"A máa ní ó ti ṣarán."

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ní ìparí, ọkùnrin náà ti gbàgbé ìtìjú, ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe bí a ti ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà mọ́ pátákó, àti ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe èéfín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni Bàbá gbà lẹ́nu rẹ̀ kí téèpù tó kún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a dá wáyà méjèèjì padà sí ihò wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó wà nínú Ti Ẹnu Ọ̀nà padà sí Ti Àárín. Ṣé ẹ rántí pé n kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì láìsí Àlájà? Ní agogo méjìlá, Àlájà dìde, wọ́n lọ kí Jímọ́ọ̀. Ẹ̀rọ bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀, ìbéèrè kékeré kan báyìí, tí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní á dáhùn. Mo ká ọwọ́ mi mọ́ra. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni èmi àti ọkùnrin Ṣàngó fi wo ìbéèrè yẹn, a jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, ìbéèrè náà ń wo àwa náà. Nígbà tí Àlájà dé, wọ́n kà á, wọ́n ní, "Èyí lẹ wá jókòó tì? Tẹ̀ ẹ́, jàre."

Ó di Àbámẹ́ta kí a tó padà sórí Ti Ojú Fèrèsé. Mo ti lẹ pépà mọ́ gbogbo wáyà ẹ̀yìn wọn, mo sì fi yíǹkì pupa kọ orúkọ sí i. Mo kà á sókè fún Àlájà: láti Kejì sí Kẹta. Àlájà kò dá mi lóhùn. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ wáyà láti ara ẹ̀rọ dé ihò rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n padà, eruku wà ní orúnkún wọn.

"Ó rí bẹ́ẹ̀. Bisimilahi."

Mo tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni'. Iná Ti Ojú Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, èyí tó yẹ kó ṣẹ́jú. Ọkùnrin Ṣàngó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun pa ọ̀kan nígbà tó bá parí, kí òun lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó gbé òun wá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó bẹ Bàbá. Bàbá wo Àlájà. Àlájà rò ó títí, wọ́n ní kó dúró kí gbogbo rẹ̀ parí, kí a sì tún da òmíràn sórí téèpù kó tó ṣe é. Ní agogo mẹ́rin kọjá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa Ti Àárín. Ó sáré lọ sí pálọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣì ń tẹ̀wé lọ, kò gbójú sókè. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú, ó ń sọ ní ohùn Èkìtì ohun tí n kò lè kọ síbí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, gbogbo nǹkan padà sí bó ti wà. Kò sí ẹni tó dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, ká sọ òótọ́. Mo ti rò pé ẹni tó jí òkú méjì dìde lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á kí i kú iṣẹ́. Mo lọ bá Bàbá, mo béèrè ìyà tí wọ́n máa fi jẹ mí. Wọ́n yọ ìwé òfìfo tuntun kan nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n jù ú sí mi.

"Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀, àti bí a ti ń ṣe é tí kì í fi í ṣẹlẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀. Ní Yorùbá. Kí ó yé ẹni tí kò mọ nǹkankan. Àlájà ni yóò kà á."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. N kò tíì kọ Yorùbá tó ju lẹ́tà sí ìyá mi lọ rí. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ pe èyí, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ pe tọ̀hún. Mo ń sáré lọ sí Ṣàngó lọ béèrè. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé fún Àlájà. Mo ti tún un kọ ní ìgbà mẹ́rin, mo sì rò pé ó dára. Wọ́n jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n mú bírò pupa, wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo kọ síbí yìí? 'Ní Ọjọ́bọ̀, a tẹ bọ́tìnnì láìwo ẹ̀yìn ẹ̀rọ.'"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájà."

"Ta ni 'a'? Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Ọkùnrin Ṣàngó fọwọ́ kàn án?"

"Rárá."

Wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n tì í padà sí mi lórí tábìlì. "Kọ 'mo'."

Mo pa 'a' rẹ́. Mo kọ 'mo'. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣì kù, kí n máa lọ sí ìlà kejì.